Ìbéèrè àròjinlẹ̀ nínú ìdánwò àṣewọlé: ohun tí wọ́n máa ń bi wá àti ìdáhùn rẹ̀

Ìdánwò wo gan-an lẹ ń bá wí?

Common Entrance ló gba ibi tó pọ̀ jù níbí, ìyẹn ìdánwò tí NECO ń ṣe fáwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ wọ JSS 1 láwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, irú bíi King's College àti Queen's College l'Ékòó, tàbí Federal Government College tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òdogbolú. Yàtọ̀ sí ìṣírò, Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn iṣẹ́ yòókù, wọ́n máa ń béèrè Quantitative (àròjinlẹ̀ nípa nọ́ḿbà) àti Verbal (àròjinlẹ̀ nípa ọ̀rọ̀), níbi tí ọmọ ti gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ wá ohun tó so nǹkan pọ̀. Máàkì tó ń múni wọlé yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ti Èkó àti Ògùn sì máa ń ga. Ìbéèrè mẹ́ta mẹ́rin péré lè gbé ọmọ wọlé tàbí kó fi í sílẹ̀ síta.

Irú ìbéèrè yìí kan náà, èyí tó tún gbó ju bẹ́ẹ̀ lọ, wà nínú 11+ (ìdánwò táwọn ọmọdé fi ń wọ grammar school) àti UCAT (ti ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn) nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú LSAT fún ẹni tó fẹ́ ka òfin ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, àti nínú ìdánwò táwọn báńkì fi ń yan òṣìṣẹ́. A ó máa kàn wọ́n bá a ṣe ń lọ.

Ọmọ mi mọ ìṣírò dáadáa. Kí ló dé tí Quantitative fi ń fún un ní wàhálà?

Ìṣírò inú Quantitative kì í sábà le. Ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín náà ni. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún ọmọ èwo ni kó ṣe nínú wọn. Wọ́n á fi àpẹẹrẹ méjì mẹ́ta hàn án, òun ló máa wo òfin tó wà lábẹ́ wọn.

Ẹ wo èyí:

3 àti 4 di 19
5 àti 2 di 17
2 àti 6 di 20
6 àti 3 di kí ni?

Ọmọ tó yára á mú ti àkọ́kọ́: 3 × 4 jẹ́ 12, fi 7 kún un, ó di 19. Á wo ìkejì: 5 × 2 jẹ́ 10, fi 7 kún un, ó di 17. Ó ti bára mu nìyẹn, ló bá sáré kọ 25. Ẹ sì lè gbà pé 25 yẹn á wà lára ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀, nítorí ẹni tó gbé ìbéèrè kalẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọmọ máa já sí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé àpẹẹrẹ kẹta, 2 × 6 jẹ́ 12, 12 àti 7 jẹ́ 19. Wọ́n ní 20. Òfin yẹn ti wó.

Òfin tó tọ́ ni pé: sọ nọ́ḿbà méjèèjì di púpọ̀, kí o wá fi àròpọ̀ wọn kún un. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni pé 3 àti 4 jẹ́ 7, tí 5 àti 2 náà sì jẹ́ 7. Fún ìbéèrè náà, 18 àti 9, ìdáhùn jẹ́ 27.

Ohun tá a máa ń sọ fáwọn olùkọ́ ni pé kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òfin náà, tàbí kó kọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣókí, kó tó gbójú lé A, B, C, D tí wọ́n tò sísàlẹ̀. Kó sì fi àpẹẹrẹ tó gbẹ̀yìn dán an wò, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ tó ti fi hùmọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá ń wo ìdáhùn kó tó mọ òfin á kàn máa wá nọ́ḿbà tó jọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni.

Ọ̀nà wo ló dára jù láti yanjú nọ́ḿbà tó tò tẹ̀ léra?

Kó kọ ìyàtọ̀ àárín nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan yìí nìkan ń tú èyí tó pọ̀ nínú wọn. Bí àpẹẹrẹ, 3, 7, 15, 31: ìyàtọ̀ wọn ni 4, 8, 16. Ó ń di ìlọ́po méjì, nítorí náà 32 ló kàn, ìdáhùn á jẹ́ 63. Tàbí 2, 6, 12, 20, 30: ìyàtọ̀ ni 4, 6, 8, 10, èyí tó kàn ni 12, ìdáhùn jẹ́ 42.

Tí ìyàtọ̀ bá ń gòkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìlà méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra. Ẹ wo 5, 20, 8, 17, 11, 14. Ẹ fo ọ̀kan sílẹ̀, ẹ mú ọ̀kan: 5, 8, 11 ń fi mẹ́ta mẹ́ta gòkè, 20, 17, 14 ń fi mẹ́ta mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀. Ti ìlà àkọ́kọ́ ló kàn, ìyẹn 14. Àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rù pé 14 ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì pa á rẹ́. Kò sófin tó ní nọ́ḿbà kan ò lè wáyé lẹ́ẹ̀mejì.

Páńpẹ́ kan wà tí wọ́n fẹ́ràn: 2, 3, 5, 8, 12. Ọmọ tó ti kọ́ pé kí á ro méjì tó ṣáájú pọ̀ á rí i pé 2 àti 3 jẹ́ 5, pé 3 àti 5 jẹ́ 8, á sì dúró níbẹ̀. Àmọ́ 5 àti 8 jẹ́ 13, wọ́n sì kọ 12. Ìyàtọ̀ ni 1, 2, 3, 4. Ìdáhùn jẹ́ 17.

Tí wọ́n bá fi lẹ́tà ṣe kóòdù ńkọ́?

Kí ọmọ mọ ipò lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti Gẹ̀ẹ́sì láìka ìka. Ọ̀nà tó yá jù ni kó há EJOTY sórí: E jẹ́ 5, J jẹ́ 10, O jẹ́ 15, T jẹ́ 20, Y jẹ́ 25. Yàtọ̀ sí A àti B tó wà níbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà yòówù kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ láti orí ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ tó ń ka ABD Yorùbá nílé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni tiwa, kò sí C, Q, V, X àti Z nínú rẹ̀. Tó bá ka ìyẹn nínú ìdánwò, gbogbo ipò ló máa yẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kó sọ lẹ́tà di nọ́ḿbà, kó sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ká ní CAT di XZG, DOG sì di WLT. C jẹ́ 3, X jẹ́ 24. A jẹ́ 1, Z jẹ́ 26. T jẹ́ 20, G jẹ́ 7. Ẹ ro ìkọ̀ọ̀kan pọ̀, 27 ni. Nítorí náà tí wọ́n bá ní kó kọ GOAT, 7 di 20, 15 di 12, 1 di 26, 20 di 7, ìyẹn TLZG. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń ṣí lẹ́tà síwájú, tó sì kọjá Z, kó yọ 26 kúrò: Y tá a fi 3 kún jẹ́ 28, 28 tá a yọ 26 kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ 2, ìyẹn B.

Kí ni kó ṣe sí ìbéèrè "èyí jẹ́ sí ìyẹn bí..."?

Kó fi ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ ṣe gbólóhùn kan tó ṣe pàtó, kó wá gbé gbólóhùn yẹn wá síbi kejì. Àgbẹ̀ jẹ́ sí oko bí apẹja ṣe jẹ́ sí kí ni: ẹja, àwọ̀n, odò, tàbí ọbẹ̀? Tó bá jẹ́ "nǹkan tó kan àgbẹ̀" ló fi ṣe é, ẹja ló máa mú. Gbólóhùn tó ṣe pàtó ni "oko ni àgbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́", ìdáhùn sì jẹ́ odò. Ká ní ọkọ́ ni wọ́n kọ dípò oko, àwọ̀n ni ìbá jẹ́. Gbólóhùn tó bá fàyè gba ìdáhùn méjì ò tíì mú tó.

"Gbogbo", "àwọn kan", "kò sí ìkankan": ibí yìí ló ń da gbogbo wa láàmú. Báwo la ṣe ń ṣe é?

Ẹ ya òbìrìkìtì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ ọ́n sí Venn diagram láti kíláàsì ìṣírò. Ẹ wá bi ara yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé mo lè ya àwòrán kan tí gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi fi jóòótọ́, síbẹ̀ tí ìparí èrò yẹn fi jẹ́ irọ́? Tó bá ṣeé yà, ìparí èrò náà ò tọ́. Tí kò bá ṣeé yà rárá, ó tọ́.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Gbogbo olùkọ́ ló ní ìwé. Àwọn kan lára àwọn tó ní ìwé jẹ́ akọrin. Ṣé ó wá dájú pé àwọn olùkọ́ kan jẹ́ akọrin? Ẹ ya òbìrìkìtì ńlá fáwọn tó ní ìwé. Ẹ ya ti olùkọ́ sínú rẹ̀, lápá òsì, kó má yọ síta. Ti akọrin wá ńkọ́? Wọ́n kàn ní ó kan òbìrìkìtì ńlá náà ni. Ẹ yà á lápá ọ̀tún, kí ìdajì rẹ̀ wọnú ti ńlá, kí ìdajì wà níta, kó má sì kan ti olùkọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ṣì jóòótọ́, kò sì sí olùkọ́ kankan tó jẹ́ akọrin. Ìdáhùn: kò dájú.

Ohun méjì ló máa ń ṣini lọ́nà. Àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn máa ń ya àwòrán kan péré, èyí tó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn, tí òbìrìkìtì mẹ́ta á sì wọnú ara wọn. Ìkejì ni pé wọ́n ń fi ohun tí wọ́n mọ̀ láyé dáhùn. "Gbogbo ẹyẹ ló ń fò. Ẹyẹ ni ògòǹgò. Nítorí náà ògòǹgò ń fò." Gbogbo wa mọ̀ pé ògòǹgò kì í fò. Àmọ́ nínú ìdánwò, wọ́n ò béèrè bóyá ó ń fò. Ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá ìparí èrò náà tẹ̀ lé gbólóhùn méjì tó ṣáájú, ó sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń lo ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ rárá nínú irú ìbéèrè yìí.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé "àwọn kan" nínú ìdánwò kò ní "kì í ṣe gbogbo wọn" nínú. Ó kàn ní ó kéré tán ọ̀kan wà.

"Bí eléyìí bá rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn á rí báyìí." Ọmọ mi máa ń yí i sódì.

Àgbàlagbà náà ń yí i sódì. Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àdánwò kan kalẹ̀ ní 1966 tó ṣì ń ṣi ọ̀mọ̀wé lọ́nà dòní. Káàdì mẹ́rin wà lórí tábìlì. Lẹ́tà wà lójú kan ìkọ̀ọ̀kan wọn, nọ́ḿbà wà lójú kejì. Ohun tá a rí ni E, K, 4 àti 7. Òfin tí wọ́n sọ ni pé bí fáwẹ́lì bá wà lójú kan, nọ́ḿbà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba gbọ́dọ̀ wà lójú kejì. Èwo ni kí á ṣí wò ká lè mọ̀ bóyá òfin náà múlẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bi ló mú E àti 4. E tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ni 4 lè sọ fún wa? Bí fáwẹ́lì bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kò burú. Bí kò bá sí, òfin ò sọ pé ti 4 gbọ́dọ̀ jẹ́ fáwẹ́lì. Kò lè tú òfin ká rárá. 7 ló lè tú u ká, nítorí bí a bá bá fáwẹ́lì lẹ́yìn 7, òfin ti já. E àti 7 ni ìdáhùn.

Ẹ wá yí ọ̀rọ̀ náà padà: bí ẹnì kan bá ń mu bíà, ó gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18. Ta lẹ máa yẹ̀ wò? Ẹni tó ń mu bíà àti ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Kò sẹ́ni tó máa lọ yẹ ẹni ọgbọ̀n ọdún wò. Ìrònú kan náà ni. Nítorí náà tí "bí... bá..." bá dojú rú, ẹ fi òfin tẹ́ ẹ mọ̀ láwùjọ rọ́pò rẹ̀, ẹ yanjú ìyẹn, ẹ wá padà.

Ohun tó kù láti há sórí kò pọ̀. Láti inú "bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ á tutù", ohun kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé e ni "bí ilẹ̀ kò bá tutù, òjò kò rọ̀". A ò lè sọ pé ilẹ̀ tutù nítorí náà òjò rọ̀, ẹnì kan lè ti da omi síbẹ̀. A ò sì lè sọ pé òjò ò rọ̀ nítorí náà ilẹ̀ gbẹ.

Ìbéèrè ìjókòó: ta ló jókòó ti ta?

Ẹ fa ìlà márùn-ún sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ohunkóhun tán. Ohun tó bá dúró lójú kan pàtó lẹ kọ́kọ́ kọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Adé, Bọ́lá, Kúnlé, Dàyọ̀ àti Fọlá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Fọlá kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́lá. Adé kò sí ní ìkángun. Kúnlé wà láàárín. Bọ́lá ló tẹ̀ lé Kúnlé lápá ọ̀tún. Gbólóhùn kẹta lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀: Kúnlé wà ní 3. Bọ́lá bọ́ sí 4. Adé kò lè wà ní 1 tàbí 5, ó wà ní 2. Ó ku 1 àti 5, Fọlá ò sì lè wà ní 5 torí Bọ́lá wà ní 4. Fọlá ni 1, Dàyọ̀ ni 5.

Tó bá jẹ́ tábìlì róbótó tí gbogbo wọn dojú kọ àárín, apá ọ̀tún ẹni kọ̀ọ̀kan lòdì sí ibi tí ọwọ́ aago ń lọ. Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Kí ọmọ yí ìwé náà títí yóò fi dà bíi pé òun ló jókòó síbẹ̀.

Ti ẹbí àti ti ìtọ́sọ́nà ńkọ́?

Ti ẹbí, ẹ tú u láti ẹ̀yìn. "Ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá bàbá mi bí ni bàbá rẹ̀": ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá bàbá mi bí ni bàbá mi, nítorí náà bàbá mi ni bàbá rẹ̀, ọmọ bàbá kan náà ni wá. Ti ìtọ́sọ́nà, ẹ yà á, ẹ má rò ó lórí.

Ìbéèrè mélòó ni kó máa ṣe lójúmọ́?

Fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, kó má ṣe ìbéèrè tuntun kankan. Kó mú ìwé àṣìṣe rẹ̀, kó tún àwọn tó ṣì ṣe láìwo ojútùú. Àwọn òbí tó ń fún ọmọ ní ọgọ́rùn-ún ìbéèrè lálẹ́ Sátidé ń fi àárẹ̀ kọ́ ọ ni.

Nínú ìwé àṣìṣe, ẹ kọ lẹ́tà kan síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ò: kò rí òfin. Ì: ó rí òfin, ìṣírò ló ṣì. K: kò ka ìbéèrè dáadáa. A: àkókò tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kà wọ́n. Bí K bá pọ̀ jù, ìbéèrè tuntun ò ní wò ó sàn. Ohun tó nílò ni pé kó máa fa ìlà sábẹ́ NOT, EXCEPT àti LEAST kó tó ṣe ohunkóhun. Bí Ì bá pọ̀, ẹ padà sí tábù ìsọdipúpọ̀ (times table). Ò nìkan ló ń fẹ́ ìbéèrè sí i, àní ti irú kan náà: mẹ́wàá nínú irú tó ń dà á láàmú, kì í ṣe mẹ́wàá tó dà pọ̀.

Ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé yàtọ̀ sí tiwa. Ta ló jàre?

Nígbà mìíràn, ẹ̀yin ni. Àwọn ìwé ìbéèrè àtijọ́ tí wọ́n ń tà kiri kún fún àṣìṣe ìtẹ̀wé. Kí ẹni méjì ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ìdáhùn wọn bá jọ, tí òfin wọn sì bá gbogbo àpẹẹrẹ mu, ẹ fa ìlà sí ti ìwé náà, ẹ máa lọ. Ẹ má fi dandan mú ọmọ hùmọ̀ òfin tó máa bá àṣìṣe mu.

Ẹ tún wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Láti oṣù kẹjọ 2024, LSAT ti yọ apá ìtò àti ìjókòó tí wọ́n ń pè ní logic games kúrò, wọ́n sì fi apá Logical Reasoning kejì rọ́pò rẹ̀. UCAT náà yọ Abstract Reasoning kúrò ní 2025. Ìwé tó dá lórí wọn ṣì wà lọ́jà.

Ìgbà wo ni ká mú aago wọ̀ ọ́?

Nígbà tó bá ti ń gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá láìsí aago. Ẹni tí kò tíì mọ òfin, tẹ́ ẹ wá ń lé eré, àṣà kó máa já sí ìdáhùn tó bá rí ló máa kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àkókò tí wọ́n kọ sára ìwé ìdánwò, ẹ yọ ìṣẹ́jú márùn-ún fún àyẹ̀wò, ẹ fi iye ìbéèrè pín èyí tó kù. Fún LSAT, ìṣẹ́jú 35 ni wọ́n ń fúnni fún ìbéèrè bíi 25, kò tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ọ̀kan. Ti UCAT ló tún le jù: ìbéèrè 35 ní ìṣẹ́jú 37 nínú Decision Making, 44 ní ìṣẹ́jú 22 nínú Verbal Reasoning.

Kent la wà, ọmọ wa ń múra 11+. Ṣé ohun kan náà ni?

Verbal Reasoning rẹ̀ sún mọ́ ti Common Entrance gan-an. Ohun tó ṣeé ṣe kó ṣàjèjì sí òbí tó kàwé ní Nàìjíríà ni Non-verbal, níbi tó jẹ́ pé àwòrán nìkan ni wọ́n fi ń béèrè. Kí ọmọ máa yẹ ohun márùn-ún wò lọ́kọ̀ọ̀kan: iye igun, àwọ̀, ibi tó kọjú sí, bó ṣe tóbi tó, àti ipò rẹ̀ sí àwọn yòókù. Tó bá ń wo gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, ojú á ríran, òfin ò ní hàn. Oṣù kẹsàn-án, bí Year 6 bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ni wọ́n máa ń ṣe ìdánwò náà, nítorí náà inú Year 5 ni iṣẹ́ wà.

Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ṣé kó méfò?

Ó wà lọ́wọ́ bóyá wọ́n ń yọ máàkì fún àṣìṣe. LSAT àti UCAT kì í yọ, nítorí náà àyè tó ṣófo jẹ́ òfò. Nínú CAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ IIM ní Íńdíà, ẹni tó gba ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí wọ́n to ìdáhùn sí kéèyàn mú ọ̀kan gba 3, ẹni tó ṣì í pàdánù 1. Pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin, téèyàn bá fojú dídì mú ìbéèrè mẹ́rin, á gba ọ̀kan, á ṣi mẹ́ta: 3 wọlé, 3 jáde, òfo. Ṣùgbọ́n tó bá lè pa ìdáhùn kan rẹ́, ẹ̀kan nínú mẹ́ta ló máa gbà: 3 wọlé, 2 jáde, ó jèrè. Ẹ ka ìlànà ẹ̀yìn ìwé ìdánwò tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe kẹ́ ẹ tó pinnu.

Kí ló máa ń bà á jẹ́ lọ́jọ́ ìdánwò gan-an?

Ìwé ìdáhùn. Nínú ìdánwò tí wọ́n ti ń kun àyè, ọmọ tó fo ìbéèrè 17 tó sì kun ìdáhùn 18 sí 17 á ṣi gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, kò sì ní mọ̀ títí dé ìparí. Kó máa dúró lẹ́yìn ìbéèrè márùn-ún márùn-ún, kó wò ó pé nọ́ḿbà ìbéèrè àti nọ́ḿbà àyè jọra. Èyí tó bá fò, kó fi àmì kékeré sí i lára ìwé ìbéèrè, kì í ṣe lára ìwé ìdáhùn. Pẹ́ńsù HB méjì tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀, rọ́bà tó mọ́ tí kì í fi dúdú sílẹ̀, kó sì kun àyè náà kún. Tó bá yí ìdáhùn padà, kó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ pátápátá, nítorí bí ẹ̀rọ bá rí àyè méjì tó dúdú lórí ìbéèrè kan, ó lè má fún un ní máàkì kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi irú ìwé yẹn ṣe ìdánrawò nílé ní ìgbà mẹ́ta ó kéré tán. Kíkun àyè náà máa ń gba àkókò ju bí ọmọ ṣe rò lọ.